Ẹrẹ̀ Àárín Ẹ̀ẹ̀rùn

Èmi tí mo ti kọjá ọjọ́ orí oyún, tí ara mi sì le koko, mo bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, lójú gbogbo ayé. Ẹrẹ̀ ló fà á. Kì í ṣe ẹrẹ̀ òjò o. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn la wà, ọyẹ́ ń la ètè wa, eruku pupa ti bo ewé káṣíù láti Ọ̀fà títí dé Òjòkú, kànga gbogbo ti ń lọ sílẹ̀. Síbẹ̀ ẹrẹ̀ wà láàárín ọ̀nà, ó jìn dé orúnkún, ó ń rùn.

Tísà ni mí. Ọ̀fà nilé wa, ṣùgbọ́n abúlé kan lójú ọ̀nà Òjòkú ni ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ń kọ́ni wà. Láàárọ̀ mo ń wakọ̀ lọ, lọ́sàn-án mo ń wakọ̀ bọ̀, mo mọ ọ̀nà náà bí ẹni mọ ojú ọmọ rẹ̀. Bàbá mi tó bí mi, òṣìṣẹ́ rélùwéè ni. Kò ní mọ́tò títí ó fi kú, kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń gùn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan kì í bàjẹ́ níbi tí ojú rẹ̀ tó o kí ó má sọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ kí ó lọ béèrè pé, "Kí ló ṣe é?" Nígbà tó jẹ́ pé kò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì, ohun tó ń ṣe kò ju kí ó bá wọn bu omi wá, kí ó bá wọn tì í, tàbí kí ó dúró tì wọ́n kí ẹ̀rù má bà wọ́n. Ó máa ń sọ pé ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ sọ́nà, àlejò ìlú ni, ẹni tó bá sì fojú àlejò gbolẹ̀, orúkọ ìlú ló fi gbolẹ̀.

Nígbà tí èmi náà ra mọ́tò, àlòkù kékeré kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kì í ṣí láti inú, mo mú ìwà bàbá mi wọ inú rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì omi wà ní búùtù mi, jáàkì wà níbẹ̀, okùn wà níbẹ̀. Mo ti bu omi sí rèdíétọ̀ Ààfáà kan tó ń lọ sí ibi ìsìnkú. Mo ti bá obìnrin kan pààrọ̀ táyà, òun ń di ewúrẹ́ tó fẹ́ lọ tà mú, èmi ń tú nọ́ọ̀tì. Ìgbà tí mo máa gbójú sókè, ọ̀kan nínú àwọn ewúrẹ́ náà ti ki orí bọ ojú fèrèsé ọkọ̀ mi, ó ti jẹ ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ẹ wo bí màá ṣe ṣàlàyé fún àwọn ọmọ pé ewúrẹ́ ti bá wọn máàkì iṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dé ilé. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń dùn mọ́ mi. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà, ìrànlọ́wọ́, á máa kó mi nírìíra.

Ihò náà ti wà lójú ọ̀nà tipẹ́, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ lẹ́yìn igbó káṣíù kan. Nígbà òjò ó máa ń kún, ọkọ̀ máa ń há síbẹ̀, àwọn géńdé abúlé tó wà nítòsí a sì jáde wá tì í. Ẹni tí wọ́n bá bá ti ọkọ̀ a fún wọn ní nǹkan, a ní kí wọ́n fi ra omi mu. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ẹni tó ṣiṣẹ́ tó láàgùn, ó yẹ kí ó gba ìkíni.

Òjò wá dáwọ́ dúró ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ihò kò gbẹ. Oko gbẹ, odò gbẹ, igi ìrókò tó wà lẹ́yìn ilé ìwé wa wọ́wé sílẹ̀ tán, ihò tutù nini. Mo kọ́kọ́ rò pé bóyá páìpù omi ló bẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé ìjọba kò ri páìpù kankan mọ́lẹ̀ ládùúgbò yẹn rí.

Àwọn géńdé náà kò sì kúrò níbẹ̀. Wọ́n ti pàgọ́ sábẹ́ káṣíù, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì síbẹ̀, wọ́n ń ta ayò. Ọ̀gá wọn wọ bàtà òjò aláwọ̀ òféèfèé kan tó ga dé ojúgun. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìwé ní páìmárì tíìrì, ọmọ tó máa ń bá mi gbé báàgì ni. Bó bá ti rí ọkọ̀ mi lókèèrè báyìí, á dìde, á dọ̀bálẹ̀ sórí koríko.

"Àǹtí wa, ẹ kú àárọ̀ o! Ẹ dúró kí n tẹ́ ẹ fún yín."

Pákó méjì kan wà tí wọ́n ń tọ́jú sínú igbó. Á gbé wọn wá, á tẹ́ wọn sórí ẹrẹ̀, èmi á sì gba orí wọn kọjá láìrì. "Ọkọ̀ Àǹtí wa kì í há," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Èmi á dúpẹ́. Ọjọ́ kan ni mo wo dígí ẹ̀yìn ọkọ̀ lẹ́yìn tí mo ti kọjá. Bọ́ọ̀sì kan tó kún fún àwọn oníṣòwò ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Mo rí ọmọ tí mo kọ́ ní ìwé, ó ń yára gbé pákó kúrò lójú ẹrẹ̀ kí bọ́ọ̀sì náà tó dé ibẹ̀. Bọ́ọ̀sì rì dé ìdajì. Gbogbo wọn dìde lábẹ́ káṣíù, wọ́n ń káṣọ sókè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ìyàwó ilé rẹ̀ pè láti wá jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, mo sọ fún un pé mi ò fẹ́ pákó rẹ̀ mọ́.

Ó ní, "Kí la ṣe fún yín, Àǹtí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n." Láti ọjọ́ náà, mo ń gba inú oko ẹnì kan yípo ihò náà, èpò ń ha ọkọ̀ mi lára. Mo rò pé bí mo ṣe ya ara mi sọ́tọ̀ yẹn ti tó.

Ọjọ́ ọjà wá dé. Mo ń ti Ọ̀fà bọ̀ láàárọ̀, mo ń lọ sí ilé ìwé. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ọkọ̀ kan ti há sáàárín ẹrẹ̀, ó dojú kọ mi. Ó jẹ́ Toyota àtijọ́ kan tí wọ́n fi okùn so bọ́ńpà rẹ̀. Ọkùnrin kan dúró nínú ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ká ṣòkòtò dé itan, àgbẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ fi hàn. Ìyá arúgbó kan jókòó lẹ́yìn ọkọ̀, ó gbé orí obìnrin kan sí itan rẹ̀. Obìnrin náà ń rọbí. Mo ti bímọ, mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi. Bí ó ṣe ń fi ọwọ́ gbá ara ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà, mo mọ̀ pé kò ní pẹ́ mọ́.

Àwọn géńdé ń kọ́? Wọ́n dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ, wọ́n káwọ́ gbera. Ọ̀kan ń jẹ àkàrà àti búrẹ́dì. Òmíràn na fóònù sókè, ó ń ya fídíò.

Mo gbọ́ tí àgbẹ̀ náà ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará. Ìyàwó mi ń rọbí. Ọsibítù là ń lọ."

Ọ̀gá wọn dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ṣàlàyé òfin ọjà fún àlejò. "A gbọ́, ọ̀gá mi. Àwa náà ní ìyàwó nílé. Ẹ ṣe wá dáadáa, a ó ṣe yín dáadáa."

"Mo ti fún yín ní gbogbo ohun tó wà lápò mi!"

"Ìyẹn ò tó àwa tí a pọ̀ tó báyìí. Fóònù yín ń kọ́? Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ wa. Tí ẹ bá ń bọ̀ láti ọsibítù, ẹ ó gbà á."

Obìnrin inú ọkọ̀ náà ké. Ẹni tó ń jẹ àkàrà bẹ ojú fèrèsé wò, ó ń jẹun lọ. Àgbẹ̀ náà na fóònù sí ọ̀gá wọn. Ọ̀gá wọn gbà á, ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, ó wá ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bóyá ó tẹ́ wọn lọ́rùn.

N kò dúró gbọ́ ìdáhùn wọn. Mo bọ́ bàtà mi, mo ká ìró mi, mo sì bọ́ sínú ẹrẹ̀.

"Àǹtí!" ọmọ tí mo kọ́ ní ìwé pariwo. "Àǹtí, ẹ má bọ́ síbẹ̀! Aṣọ yín máa bàjẹ́!"

Aṣọ mi ló ń ṣàánú. Títí di òní, bí mo bá rántí ohùn yẹn, ohùn ọmọ tó nífẹ̀ẹ́ tísà rẹ̀ ní tòótọ́, ara mi máa ń bù máṣọ.

Ẹrẹ̀ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó yọ̀ bí ilá, ìfófòó funfun kan léfòó sójú rẹ̀, gbogbo ìgbésẹ̀ tí mo bá gbé ló ń tú òórùn jáde lábẹ́. Mo mọ òórùn náà, ṣùgbọ́n kò sí àyè láti ronú. Èmi dé apá kan, àgbẹ̀ dé apá kejì, ìyá arúgbó ń ti ìyàwó ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, a fa obìnrin náà jáde nínú ọkọ̀. A gbé e. Ó wúwo, ó ń làágùn, ó ń bẹ̀ wá pé ká jọ̀wọ́ ká má jù ú sílẹ̀. Láàárín ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ mi yẹ̀, mo fi orúnkún kúnlẹ̀, omi náà ta sí mi lẹ́nu. Kò sí ẹnìkan lórí ilẹ̀ gbígbẹ tó na ọwọ́. Wọn kò kọ̀ láti ràn wá lọ́wọ́ o. Wọ́n ń dúró kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ àdéhùn ni.

A gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ mi, ìyá arúgbó wọlé tọ̀ ọ́. Mo rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ibẹ̀ ni mo ti bì. Mo bì títí kò fi kù ju itọ́ kíkan. Ìyá arúgbó náà yọ orí jáde, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, ẹ jọ̀ọ́." Mo nu ẹnu mi, mo yí ọkọ̀ padà, a doríkọ Ọ̀fà. Àgbẹ̀ náà dúró ti ọkọ̀ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù kọ́kọ́ bínú nítorí ẹsẹ̀ wa. "Èétirí! Kí lẹ gbé wọ ilé wá yìí?" Lẹ́yìn náà ló rí ojú obìnrin náà, ó sì gbà á lọ́wọ́ wa kíá. Mo jáde síta lọ síbi ẹ̀rọ omi. Mi ò tíì fọ ẹsẹ̀ kejì tán tí mo fi gbọ́ igbe ọmọ. Ọmọbìnrin ni. Ìyá arúgbó kúnlẹ̀ níwájú mi lórí símẹ́ńtì tó tutù, ó ń dúpẹ́, èmi náà ń gbé e dìde, àwa méjèèjì ń rùn.

Níwọ̀n ìgbà tí fóònù àgbẹ̀ náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ni mo padà lọ ròyìn fún un. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, wọ́n ti ti ọkọ̀ rẹ̀ jáde. Ọ̀gá wọn ló kọ́kọ́ sáré pàdé mi.

"Àǹtí, kí ló bí?"

"Obìnrin," mo dáhùn. Àgbẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ń dá lóhùn.

Gbogbo wọn hó yèè. Wọ́n ń jó. Wọ́n ń dì mọ́ àgbẹ̀ náà, wọ́n ń pè é ní bàbá ọmọ tuntun. Ọ̀gá wọn fi ẹ̀wù ara rẹ̀ nu fóònù náà dáadáa, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. "Ẹ kú oríire, ọ̀gá mi! Ọmọ wa ni o, ọ̀nà wa yìí ló gbà wáyé. Owó omi ọmọ dà?"

Àgbẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ẹ ṣé o. Ọlọ́run á san yín lẹ́san." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tọkàntọkàn, ẹni tí inú rẹ̀ dùn kì í mọ ẹni tó yẹ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo yíjú sí ibòmíràn.

Nínú ọkọ̀, bí mo ṣe ń lọ sí ilé ìwé tí mo ti pẹ́ dé, ẹrẹ̀ gbẹ mọ́ ẹsẹ̀ mi, ó funfun bí ẹfun. Nígbà náà ni òórùn náà wá yé mi. Omi ẹ̀gẹ́ ni. Omi tó máa ń jáde lára ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ tán, tí wọ́n bá dè é sínú àpò tí wọ́n fi igi tẹ̀ ẹ́ láti fi ṣe gàrí.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a jáde ilé ìwé, mo páàkì ọkọ̀ ní iwájú díẹ̀, mo gba ẹ̀yìn oko wọlé. Kò ṣòro láti rí. Ẹnì kan ti fi ọkọ́ la ojú àgbàrá tóóró kan, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Omi funfun ń ṣàn jẹ́jẹ́ nínú rẹ̀, eṣinṣin ń hó lórí rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e, mo fi gèlè bo imú, títí mo fi já sí ẹ̀yìn ilé gàrí kan tí mo mọ̀ dáadáa. Mo mọ ẹni tó ni ín pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, ẹni tó máa ń ṣáájú àdúrà fún àwọn arìnrìn-àjò.

Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo àwọn obìnrin tó ń yan gàrí. Ó yọ̀ mọ́ mi gidigidi.

"Ha, ìyàwó wa! Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ̀yìn lẹ gbà wọlé?"

Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní, "Mummy, omi yín yìí, àárín títì ló ń lọ."

"Omi kì í kúkú gòkè. Ìsàlẹ̀ náà ló máa lọ."

"Ẹnì kan ló la ọ̀nà fún un, Mà. Mo rí ojú ọkọ́ níbẹ̀."

Kò tilẹ̀ jiyàn. "Àwọn ọmọ ìsàlẹ̀ yẹn ni. Wọ́n ní kí n jẹ́ káwọn bá mi darí ẹ̀ kúrò níbí. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìnkùlé mi níbí ló máa ń dúró sí, òórùn ẹ̀ kì í jẹ́ kí n jẹun. Wọ́n ṣe mí lóore."

"Mummy, aboyún há sínú ẹ̀ lánàá."

"Mo gbọ́. Mo gbọ́ pé ó bí wẹ́rẹ́. Ẹ ò rí i pé Ọlọ́run wa ò sùn?" Ó yíjú sí ọ̀kan nínú àwọn tó ń yan gàrí. "Bá mi bu gàrí yẹn sínú ọ̀rá fún tísà. Èyí tó kúnná yẹn ni kó o bù."

Mo ní kí ó má bù ú. Ó bù ú. Ọ̀rá náà gbóná lọ́wọ́ mi, gàrí náà dára, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Mo gbé e kalẹ̀ sórí àpótí, mo ní mo ń lọ. Ó ń pè mí lẹ́yìn pé kí ló dé tí mo ń bínú, pé ṣé òun ló gbẹ́ ihò ni? Ní tòótọ́ òun kọ́. Ohun tó ba ọkàn mi jẹ́ jù nìyẹn. Kò sí ẹnìkan tó ṣe ju ìwọ̀nba tirẹ̀. Òun jẹ́ kí omi lọ, wọ́n darí rẹ̀, ihò gbà á.

Ọkọ mi jẹ́ òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì, kò fẹ́ràn wàhálà. Ó rí i pé mo wẹ̀, mo tún wẹ̀, mo fi kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú ha ẹsẹ̀ mi títí ó fi pọ́n. Ó yí rédíò rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìwọ tísà yìí," ó ní, "ẹrẹ̀ gbogbo ayé kọ́ lo máa fọ̀ nù o."

"Èyí tó wà lójú ọ̀nà mi ni mò ń sọ."

"Ó dáa. Lọ sọ fún baálẹ̀ wọn. Bí ó bá gbọ́, ó gbọ́. Bí kò bá gbọ́, kó o fi sílẹ̀."

Mo lọ bá baálẹ̀ abúlé náà. Arúgbó tó níwà jẹ́jẹ́ ni, ó ní kí wọ́n gbé omi wá fún mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́: pákó tí wọ́n ń gbé pamọ́, fóònù, omi ẹ̀gẹ́. Ó ń mi orí.

"Tísà," ó ní, "wọn kì í jalè. Wọn kì í gbé ìbọn. Ṣé kí wọ́n máa jalè ló tẹ́ yín lọ́rùn? Ènìyàn ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́."

Kò tíì gbé ẹnu kúrò lọ́rọ̀ tí ọ̀kan nínú wọn fi wọlé, ẹni tó ń jẹ àkàrà lọ́jọ́ náà. Kò rí mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé ọ̀rá dúdú kan kalẹ̀, ẹran ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, ti ọ̀sẹ̀ yìí rèé o." Baálẹ̀ fi ẹsẹ̀ ti ọ̀rá náà sábẹ́ àga, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Mo gbé omi tí wọ́n fún mi kalẹ̀, mi ò mu ún.

Bí mo bá ní mo fi sílẹ̀ lóòótọ́ lẹ́yìn ìyẹn, irọ́ kọ́. Ó rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí mò ń bọ̀ wá sí Ọ̀fà, mo rí ọkọ̀ kan tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, èéfín ń jáde níbẹ̀. Obìnrin ọ̀dọ́ kan ló wà nínú rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ kéékèèké. Mo páàkì, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń rìn lọ bá a bí mo ti máa ń ṣe.

"Ìyá, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn!" ó pariwo. Ó ń yí gíláàsì sókè.

Mo dúró. "Ẹ má bínú. Mo ní omi lọ́kọ̀. Tísà ni mí."

"Gbogbo yín lẹ máa ń ní ohun tí ẹ jẹ́. A ò fẹ́. Mo ti pe mẹkáníìkì mi. Ẹ ò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ mi."

Àwọn ọmọ náà ń wò mí láti inú gíláàsì bí wọ́n ṣe ń wo ajá tí kò ní okùn lọ́rùn. Oòrùn mú gan-an, ó sì ti gíláàsì pa mọ́ wọn lórí nítorí èmi. Mo padà sínú ọkọ̀ mi, mo jókòó lókèèrè títí mo fi rí i pé mẹkáníìkì dé. Nínú gbogbo ohun tí ojú mi rí, èyí ló dùn mí wọra. Wọ́n ti ba iṣẹ́ bàbá mi jẹ́. Wọ́n ti sọ ọ́ di nǹkan tí ìyá ọmọ gbọ́dọ̀ sá fún.

Bí Ọlọ́run ṣe máa ṣe é, ọ̀sẹ̀ náà ni àgbẹ̀ yẹn wá sí ilé ìwé wa. Ó gbé iṣu wá, ó ní wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ, kí ni òun lè ṣe fún mi?

Mo ní, "Ihò yẹn ni mo fẹ́ ká dí."

Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó rí i pé èmi kò rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ọjọ́ Sátidé dára?"

Ní Sátidé, ó kó àwọn ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ẹbí rẹ̀ wá pẹ̀lú ọkọ́, àáké àti agbọ̀n. Dírẹ́bà típà kan tí àwọn géńdé náà ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ rí já òkúta wá, kò gba nǹkan kan. Àwọn tísà ẹlẹgbẹ́ mi wá. A kọ́kọ́ fi amọ̀ líle dí ojú àgbàrá náà. Kò pẹ́ rárá tí omi fi kún padà sí ẹ̀yìnkùlé ilé gàrí. Mummy sáré jáde, ó fi ìborùn dí imú.

"Ẹ fẹ́ pa mí ni? Ẹ gbọ́ bó ṣe ń rùn!"

Mo ní, "Mà, òórùn yín ni."

Ó bú mi níwájú gbogbo wọn. A bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́n ihò. Bí omi ṣe ń fà, ìsàlẹ̀ ń hàn. Gbogbo wa rò pé ihò lásán ni. Kì í ṣe ihò lásán. Wọ́n ti to ìtì igi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìbú, wọ́n rì wọ́n mọ́lẹ̀ dáadáa, kí táyà tó bá wọlé má lè jáde fúnra rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n àgbẹ̀ náà ń wo igi náà, ó ń mi orí. Nǹkan oríṣiríṣi wà láàárín àwọn ìtì igi náà, fìlà kan, bàtà ọmọdé, bàtà obìnrin tí okùn rẹ̀ ti já. Àgbẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú bàtà obìnrin náà, ó fi àtàńpàkò nu ẹrẹ̀ ojú rẹ̀.

"Ti ìyàwó mi ni," ó ní.

Ó gbójú sókè wo abẹ́ káṣíù, níbi tí àwọn géńdé náà jókòó sí. Ó ti bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ bímọ. Ó ti ṣàdúrà fún wọn. Ó kàn ń wò wọ́n, bàtà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn dìde, ó rìn wọ inú igbó lọ. Lẹ́yìn náà òmíràn. Nígbà tí oòrùn fi máa rọlẹ̀, bẹ́ǹṣì nìkan ló kù síbẹ̀. A fa ìtì igi jáde, a da òkúta sí i, a da yanrìn pupa lé e, a gún un títí ó fi le.

Kò rì mọ́. Òjò ti rọ̀ sí i láti ìgbà náà, ó ṣì le. Mummy ilé gàrí gbẹ́ kòtò fún omi rẹ̀ bí ó ṣe yẹ kí ó ti ṣe tẹ́lẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan lára ẹgbẹ́ ìyá ń sọ pé mo gbéraga, pé mo kó àlejò wá dójú ti àgbà. Wọ́n lè máa sọ ọ́.

Mo pàdé ọmọ tí mo kọ́ ní ìwé lẹ́yìn ìgbà náà. Ó ti ń gun ọ̀kadà, ó ń gbé èrò láàárín Ọ̀fà àti Ìjàgbó. Ó rí mi níbi tí mo ti ń ra tòmátì, ó dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ bíi tàtijọ́.

"Àǹtí, ẹ ti gba oúnjẹ lẹ́nu wa o," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín. Inú kò bí i. Ó dà bí ẹni tó ń dápàárá pẹ̀lú ìyá rẹ̀.

Mo ní, "Lọ bá obìnrin ọjọ́ yẹn, kó o bi í bóyá oúnjẹ ni."

Ó ro ọ̀rọ̀ náà. Mo rí i pé ó ń rò ó lóòótọ́, ó ń wá a káàkiri ọkàn rẹ̀.

"Obìnrin wo, Àǹtí?"

Ó ti gbàgbé. Èrò kan pè é láti òdìkejì títì, ó ní ó dàbọ̀, ó sáré lọ gbé e. Mo san owó tòmátì mi, mo sì lọ sílé.